Òjò Tí Mo Gbààwẹ̀ Pé Kó Má Rọ̀

Ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́run, ẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún Jésù ná kí n tó sọ orúkọ mi. Mo mọ ara mi. Tí mo bá ti dá orúkọ tèmi, èmi lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún, ògo Ọlọ́run á sì dínkù. Ẹ ṣé. Ẹ tún un pa. Ó tó.

Orúkọ mi ni Onọ́rébù Jóṣúà Akínbàmí, ọmọ bíbí Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó ń gbé ní Dàda Estate níbí l'Óṣogbo. Pásítọ̀ ló ní kí n kọ ẹ̀rí yìí sínú ìwé kí n sì máa kà á. Wọ́n ní nígbà ìdúpẹ́ ọdún tó kọjá tí mo di gbohùngbohùn mú, àfìgbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kí n tó jókòó. Mo ti kọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, kì í ṣe akọ̀wé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ìwé mẹ́fà ìgbà tiwa, àwọn tó ń jáde ní yunifásítì báyìí kò lè gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn tí ẹ kò rí mi dáadáa, mo ṣì kéré gan-an tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pá méjì tí mo ń fi sábẹ́ abíyá yìí ló ń gbé mi rìn. Ní Ìwàrà, tí inú bá ń bí wọn sí mi, wọ́n á pè mí ní arọ. Tí rédíò wọn bá bàjẹ́, wọ́n á pè mí ní ẹnjiníà. Iléṣà ni mo ti kọ́ṣẹ́ rédíò, kò sì sí rédíò náà ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí mi ò lè tú palẹ̀ kí n sì tò ó padà. Ó lè ku sìkúrù kan tàbí méjì sílẹ̀ o, àmọ́ rédíò yẹn á sọ̀rọ̀ dandan.

Báwo ni ẹni tó ń tún rédíò ṣe ṣe wá di aṣòfin? Àgbà méjì kan wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa tí wọn kì í kí ara wọn. Olúkúlùkù wọn fẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ọmọ tirẹ̀. Wọ́n jà á, jà á, ó rẹ̀ wọ́n. Ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí wọ́n gbé e fún Jóṣúà arọ ná, pé tí ọdún mẹ́rin bá pé, wọ́n á rọra gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò ní lè bá ẹnikẹ́ni jìjàkadì. Ẹ mọ bí ẹ̀yin bàbá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ṣe máa ń bọ́ fìlà lé orí àga kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀? Fìlà yẹn ni wọ́n fi mí ṣe. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé orí wà nínú fìlà yìí.

Bí mo ṣe wọlé ìdìbò nìyẹn, mo dé Ilé Aṣòfin. Wọ́n fún mi ní àga tó dára, ẹ̀bá ilẹ̀kùn báyìí. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, àfi kó dìde dúró. Ẹni tí Olórí Ilé bá kọ́kọ́ rí lórí ìdúró ni wọ́n máa pè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Èmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀pá kìíní lábẹ́ àga. Kí n tó rí èkejì, èèyàn mẹ́ta ti sọ̀rọ̀. Kí n tó gbé ìdí kúrò nílẹ̀, wọ́n ti lu òòlù mọ́ tábìlì, ọ̀rọ̀ ti parí. Oṣù mẹ́jọ gbáko, mi ò la ẹnu. Èmi! Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ ju rédíò tí mo ń tún ṣe lọ!

Ní Ìwàrà, wọ́n sọ mí ní Onọ́rébù Dákẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, Yèyé Fẹ́yìṣetán, tí rédíò rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mi ò tíì ronú òṣèlú. Ìyá yìí wá bá mi nílé lọ́jọ́ kan tí mo lọ sílé, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Jóṣúà," ni wọ́n wí, "rédíò mi kò sọ̀rọ̀, ùwọ náà kò sọ̀rọ̀. Èwo ni kí n gbà padà lọ́wọ́ rẹ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo padà sí Òṣogbo, mo dojúbolẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Mo ní, "Baba, ẹ fún mi ní ẹsẹ̀ tí màá fi fò dìde." Ọlọ́run kò fún mi ní ẹsẹ̀ kankan. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, níbi tí mo ti ń jà láti dìde, ọ̀pá yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ṣubú lórí táìlì, gbàlà! Olórí Ilé fò lórí àga wọn. Gbogbo ojú yí sí mi.

"Onọ́rébù Ìwàrà, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ ni?"

Ìjọ, mi ò ní nǹkan kan lọ́kàn o. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ omi, mo sọ̀rọ̀ ọ̀nà oko, mo sọ̀rọ̀ ilé-ìwé Ìwàrà tí òrùlé rẹ̀ ń jò, mo sọ ọ́ títí àwọn kan fi ń wo aago. Wọ́n fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, gbàlà! Tí wọ́n bá gbàgbé mi, gbàlà! Nígbà tó yá, Olórí Ilé rán èèyàn pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Onọ́rébù, mo bẹ̀ yín, ẹ má ju igi yẹn sílẹ̀ mọ́. Àyà mi kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà na ọwọ́, màá rí yín."

Ẹ má tíì jó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, mi ò tíì dé ibi tó dùn.

Ilé-ìwé yẹn, wọ́n kọ́ apá kan rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má fi àtẹ̀gùn sí i, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà tó rọra gòkè. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi tèmi, ìyá rẹ̀ ló máa ń pọ̀n ọ́n wọ kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti ga tó ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé yẹn, ó yí àga onítáyà rẹ̀ gòkè fúnra rẹ̀, ó wọlé, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ fún àwọn ọ̀tá mi.

Apá kejì ilé-ìwé ló kù tí ọdún mẹ́rin fi pé. Níbẹ̀ ni wàhálà ti dé. Àwọn àgbà méjì yẹn parí ìjà. Ẹ wo bí ayé ṣe rí, ìjà tí Pásítọ̀ àti Lèmọ́mù kò lè parí, wọ́n fúnra wọn parí rẹ̀ kí wọ́n lè wá bọ́ fìlà kúrò lórí àga. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́yà kan wá láti Àbújá, ó ga bí òpó iná, ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì láti ihò imú. Lọ́yà ti ń sọ káàkiri pé tí òun bá wọlé, gbọ̀ngàn ńlá lòun máa kọ́ sí iwájú agbolé bàbá òun, pé ilé-ìwé tó wà nílẹ̀ ti tó. Ó wá bá mi nílé, ó dọ̀bálẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

"Onọ́rébù, ẹ lọ sinmi, sà. Ọdún mẹ́rin ti tó fún ẹni tó ń fi igi rìn."

Mo ní, "Lọ́yà, o ní ẹsẹ̀ méjì, mo rí i. Orí dà?"

Ìdìbò abẹ́lé ló kù tó máa là wá. Ẹgbẹ́ wa kì í fi ìwé dì í. Orí pápá ilé-ìwé ni wọ́n máa ń ṣe é: àwọn tó ń dupò á dúró níwájú, ọmọ ẹgbẹ́ á tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á máa kà wọ́n lórí. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìdúró náà ló tún délẹ̀.

Mo bá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin náà rántí, orí pẹpẹ yìí ni mo ti kéde rẹ̀. Nǹkan méjì ni mo bèèrè. Ìkíní, kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ mi sàn kí n lè dúró bí ọkùnrin. Ìkejì, kí òjò má rọ̀ lọ́jọ́ náà, torí ọ̀pá mi kì í bá ẹrẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Mo wá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí mo bá fi lè gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, èmi Jóṣúà á sáré yí ṣọ́ọ̀ṣì yìí ká lẹ́ẹ̀méje. Gbogbo yín lẹ ṣe àmín. Màmá Tòbí, ìyàwó mi, nìkan ni kò ṣe é. Mo bi í nílé.

"Ẹ̀jẹ́ eré sísá?" ló wí. "Daddy Tòbí, ṣé ẹ tún un rò dáadáa? Ẹ jẹ́ ká gbé àga onítáyà dání lọ sí Ìwàrà lọ́jọ́ náà. Ìdúró yẹn á pẹ́."

"Kí Lọ́yà wá rí mi ní ìjókòó? Kí ló dé tí ìgbàgbọ́ rẹ kéré báyìí?"

"Ìgbàgbọ́ mi kò kéré. Apá yín ni mò ń wò."

Mi ò gbà. Ẹsẹ̀ kò yí padà lọ́jọ́ kẹta, mo ní bóyá ìwòsàn ṣì wà lójú ọ̀nà. A lọ sí Ìwàrà, a fi àga sílé.

Òòrùn ràn lọ́jọ́ náà, ó ràn kọjá àlà. Mo ní, "Ó kéré tán, wọ́n ti dáhùn ìkejì." Ẹgbẹ́ rán obìnrin kan wá láti wá kà wá, Madam kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó fi agbòjò há abíyá nínú òòrùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni Lọ́yà jáde síwájú pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀.

"Madam, ẹ jẹ́ kí a ní òfin. Ẹni tó bá fi iwájú ìlà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kà á tán, ìlà rẹ̀ ti túká nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sí pé mo fẹ́ lọ sinmi."

Èmi ló ń bá wí. Ó ti rí i pé apá mi ti ń gbọ̀n lórí ọ̀pá. Màmá Tòbí fà mí láṣọ pé kí n sọ pé mi ò gbà. Ìjọ, ìgbéraga kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Mo pariwo pé, "Madam, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà gadagba!"

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn tò. Háà! Ìlà Lọ́yà yí igi máńgòrò po, ó tún padà sọ́dọ̀ ọ̀nà. Tèmi wá ńkọ́? Tí mo bá sín, ẹni tó kẹ́yìn pátápátá á ní "pẹ̀lẹ́ o" láìgbé ohùn sókè. Àwọn ẹbí mi ni, ìyá ọmọbìnrin alága onítáyà yẹn, àwọn olùkọ́ kan, àti àwọn tí rédíò wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Yèyé Fẹ́yìṣetán ló dúró lẹ́yìn mi gan-an.

"Yèyé, ẹ ṣé tí ẹ nífẹ̀ẹ́ mi."

"Ìfẹ́ kọ́. Tí o bá já, tí ìtìjú sì lé ọ kúrò nílùú, ta ni mo fẹ́ máa bèèrè rédíò mi lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àwọn ará ìlà kejì ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe pé, "Onọ́rébù Dákẹ́, ẹ ju ọ̀pá sílẹ̀ ká gbọ́!" Ẹ̀rín wó pápá. Ilé-ìwé tí mo kọ́ wà lọ́ọ̀ọ́kán, mò ń wo ibi tí apá kejì yẹ kó wà, koríko ló kún ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Madam ṣí bírò, wọ́n ń kọ orúkọ wa sókè ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ni ojú ọ̀run bá ṣú láti apá òkè Iléṣà. Mo gbójú sókè, mo kígbe, "Ìwọ òjò, mo pàṣẹ fún ọ, padà síbi tó o ti ń bọ̀!" Atẹ́gùn dé. Mo tún pàṣẹ lẹ́ẹ̀kejì, omi wọ̀ mí lẹ́nu. Òjò náà kò rọ̀, dídà ló dà, bí ẹni fi garawa dà á.

Lọ́yà wo agbádá funfun rẹ̀, ó wo jíìpù rẹ̀, ó ká agbádá lé èjìká, ó bẹ́ gìjà! Bí ìlà rẹ̀ ṣe rí i tó sá, gbogbo wọn dà sí bárándà ilé-ìwé bí àgùntàn. Kí n tó ṣẹ́jú, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi máńgòrò mọ́.

Èmi ńkọ́? Ibi tí ẹ̀rí yìí wà rèé, ẹ tẹ́tí. Káàkiri Òṣogbo yìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé Onọ́rébù dúró nínú òjò bí àpáta. Wọ́n sọ ọ́ lọ́jà Ìgbónà, mo gbọ́, mi ò sì bá wọn jiyàn, ó dùn létí mi. Àmọ́ iwájú Ọlọ́run ni mo wà yìí. Mo fẹ́ sá. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ yíjú sí bárándà. Ọ̀pá ọ̀tún ti wọ ẹrẹ̀ dé ìdajì. Mo fà á, tòsì tún wọlé. Mo fà tòsì, tọ̀tún tún rì sí i. Bí mo ṣe ń jà níbẹ̀, lẹ́yìn mi lọ́hùn-ún wọ́n rò pé mò ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ni.

Àwọn èèyàn mi náà ti fẹ́ máa túká. Yèyé Fẹ́yìṣetán gbá aṣọ mi mú lẹ́yìn, ó yíjú padà.

"Níbo lẹ ń lọ? Arọ kò leè sáré, èmi arúgbó kò leè sáré. Ẹ̀yin tí ẹ leè sáré, ṣé ẹ fẹ́ fi àwa méjì sílẹ̀ nínú òjò kí ẹ wá dé ulé lọ máa sọ ọ́ fún ọmọ yín?"

Ojú tì wọ́n. Wọ́n padà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan di aṣọ ẹni iwájú rẹ̀ mú. Màmá Tòbí ya ìdérí kúlà ẹni tó ń ta omi tútù, ó fi bò mí lórí. Nígbà náà ni mo wá rí ohun tí mi ò rò. Àwọn tó wà lórí bárándà ń wò wá. Wọ́n rí ìyá arúgbó nínú òjò, wọ́n wá rí Lọ́yà nínú jíìpù tó ń fi tíṣù nu ojú. Ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀. Ẹlòmíràn tún sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin tó ní kí n ju ọ̀pá sílẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wá tò sẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹni tí òjò lásán lé wọ mọ́tò, ṣé ó máa lè bá ìjọba jà fún wa?"

Madam ṣí agbòjò, wọ́n tẹ ẹrẹ̀, wọ́n ń kà wá lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni Lọ́yà já kúrò nínú jíìpù.

"Madam, kò bófin mu! Ẹ jẹ́ kí òjò dá ká tún tò!"

"Lọ́yà, òfin ta ni mo kọ síbí yìí?"

"Tèmi ni, àmọ́ ẹ ò rí i pé Onọ́rébù náà fẹ́ sá ni? Mo rí i! Ó ń fa ọ̀pá! Ẹ bi í!"

Madam yíjú sí mi. Omi ń jò lára mi. "Onọ́rébù, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ẹ fẹ́ sá?"

Ìjọ, irọ́ ti wà lórí ahọ́n mi, irọ́ tó dán bí owó tuntun. Mo fẹ́ sọ pé èmi, ọmọ Akínbàmí, mi ò sá fún òjò rí. Mo wo apá ibi tí koríko wà yẹn. Mo wo ìyá ọmọbìnrin alága onítáyà tó di aṣọ ẹni iwájú rẹ̀ mú. Mo ní tí mo bá fi irọ́ gba èyí, mi ò ní lè wojú yín níbí.

Mo ní, "Madam, mo fẹ́ sá. Mo fẹ́ sá gan-an. Ẹsẹ̀ ni kò gbà."

Ẹ̀rín bú! Yèyé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Lọ́yà gan-an rẹ́rìn-ín, mi ò purọ́. Madam tí kì í rẹ́rìn-ín fi ìwé bojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n rí ohùn, wọ́n ní, "Òfin sọ̀rọ̀ ẹni tó fi iwájú ìlà sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ẹni tó wù láti fi í sílẹ̀. Onọ́rébù Akínbàmí ló gba tíkẹ́ẹ̀tì."

Ọkọ́ ni wọ́n fi wú ọ̀pá mi jáde nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wò ó. Nǹkan méjì ni mo gbààwẹ̀ fún. Mo ní kí ẹsẹ̀ yá, wọn kò gbà. Mo ní kí òjò má rọ̀, wọ́n dà á lé mi lórí. Ká ní wọ́n wo ẹsẹ̀ mi sàn, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ dé bárándà, ǹ bá tiẹ̀ ti Lọ́yà ṣubú lọ́nà. Ká ní òjò kò rọ̀, ilé ni ǹ bá wà báyìí tí mò ń tú rédíò. Ohun méjì tí Ọlọ́run fi dù mí ló fi gbé mi padà sí Ilé Aṣòfin. Wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ apá kejì ilé-ìwé yẹn lélẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀. Rédíò Yèyé náà ti padà sọ́wọ́ wọn, ó ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan. Sìkúrù kan péré ló kù sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ mi ló kù. Pásítọ̀ ní kí n má da ara mi láàmú, pé Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò lè sáré. Mo ní rárá, sà. Ẹnu mi tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ kò rọ, ó yè.

Nítorí náà, Màmá Tòbí, gbé àga yẹn wá. Bẹ́ẹ̀ ni, àga onítáyà náà. Mo ti gbà. Ìwọ lo máa tì mí lẹ́yìn, torí ìwọ lo sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín dá ṣáṣá, ẹ dìde, ẹ tò sẹ́yìn mi, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di aṣọ ẹni iwájú rẹ̀ mú. Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé orin tó ń sáré. Ìyípo méje la máa yí, èmi ni màá máa kà á. Mo sì gbọ́ bí orí páànù ṣe ń dún yẹn. Tó bá wu òjò, kó rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìlà sílẹ̀ kí n tó kà á tán.